Másítà Tuntun fún Ìjàpá

Tí Aníwúrà bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ìjàpá tí ọkọ rẹ̀ ń wà, ìdí ni yóò kọ́kọ́ tì wọlé, á sinmi díẹ̀, kó tó wá fi ọwọ́ méjèèjì kó ìyókù ara wọlé. Ẹ̀rín ara rẹ̀ á sì máa pa á. A máa ní òun ni ẹrù tí ìjàpá kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó fún un ní ìkarahun.

Ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá ní Ìkọ̀yà, ìlú wọn, tí kì í wọ̀ ọ́, nítorí inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni Philemon, ọkọ rẹ̀, ti ń dá a mọ̀ mọ́. Ìgbàgbé ti kó bàbá náà lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú ilé, á máa kí i ní "Ẹ kú ilé, ìyá," bí àlejò. Àmọ́ wọ́n á rọra wa ọkọ̀ gba ọ̀nà oko wọn dé ìdí ọ̀pẹ. Ibẹ̀ ni yóò ti tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí ẹ̀ẹ̀kẹta ló máa ń mú, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Bí ọkọ̀ bá ti dúró báyìí, ojú rẹ̀ á là. Á yíjú sí i, á ní, "Aníwúrà, o tún ti sanra."

Ohun tí ìyá ń wá nìyẹn. Èébú tó dùn ju oyin lọ.

Ní ọjọ́ kan, bàbá tẹ̀ ẹ́ títí, bíréèkì ò mú. Àfi gbàgà nínú àtíbàbà tí Susan aládùúgbò wọn ti ń yan púpurú, ìṣù ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi èéfín gbẹ. Púpurú yí káàkiri ilẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, Aníwúrà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sí ìró. Nígbà tó délé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ikú ló yẹ̀ lórí wọn.

Mildred ọmọ wọn pè láti Èkó, ó ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá. Aníwúrà ní tí òun bá gbà á, ta ni yóò máa pe orúkọ òun? Ó kọjá sí Òkìtìpupa, ó mú Ìbítáyọ̀ mẹkáníìkì wá.

Ìbítáyọ̀ tú taya iwájú, ó ní másítà bíréèkì náà, agolo tó ń ti òróró bíréèkì lọ sí taya, ti kú. Ikùn kan ló ní fún taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó bá ti jò níbì kan, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Ó ní òun á fi oníkùn méjì sí i, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, kí èkejì lè dá ọkọ̀ dúró tí ọ̀kan bá kọṣẹ́. Aníwúrà ní kó fi sí i, òun gan-an ní ikùn mẹ́ta, kò sì tíì pa òun. Bí Ìbítáyọ̀ ṣe parí, ó kìlọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí bàbá máa tẹ̀ ẹ́, kó sì rọra. Ìyá gbọ́ ọ bí ìròyìn ayọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dé ìdí ọ̀pẹ. Ẹsẹ̀ Philemon lọ fún àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta rẹ̀. Ọkọ̀ dúró gbagidi. Gèlè Aníwúrà ṣí bọ́ sílẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan gíláàsì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí èébú rẹ̀.

Bàbá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó tún bíréèkì tẹ̀. Ó le bí igi. Ó wá rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárì, bí ẹni tó ṣèèṣì fọwọ́ kan ohun olóhun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ọkọ̀ ta ni mo wọ̀ yìí?"

"Tiyín ni, Bàbá Mildred."

"Rárá o. Tèmi mọ ẹsẹ̀ mi."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Aníwúrà pe Ìbítáyọ̀ lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dá ti àtijọ́ padà. Mẹkáníìkì ní, "Màámà, tí mo bá dá a padà, èmi ni mo pa yín. Mi ò lè ṣe é." Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì dun ìyá jù lọ nìyẹn.

Ó tiraka jáde, ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ìyàwó mi á ti máa wá mi," Philemon ní. "Ariwo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí nílé, ilé máa ń tóbi jù fún mi."

Aníwúrà yíjú sí i. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Bàbá ronú. Ó ń wá orúkọ náà, kò rí i. Ojú ń tì í. "Ó ń bọ̀ wá," ó ní. "Ó máa wá."

"Ẹ má dààmú ara yín. Mo mọ ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí n sìn yín débẹ̀."

Bàbá dúpẹ́ gan-an. Wọ́n jọ ń rìn lọ, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, bí ọkùnrin ọmọlúàbí ṣe ń fi í sílẹ̀ fún ìyàwó oníyàwó.