Àga Tó Ń Gbóúnjẹ Kaná

Ìran kan ṣoṣo tí kì í tàsé lójú Wòólì Láoyè ni ìran ọkọ̀ òfẹ́. Bó ṣe gbọ́ pé Ìbíwùmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fẹ́ wa bọ́ọ̀sì ìdánwò ilé-iṣẹ́ wọn, àwọn tó ń ṣe àga ọkọ̀, láti Tempelhof ní Berlin lọ sí Hamburg, ni Ẹ̀mí ti sọ fún un pé àyè òun wà níbẹ̀. Wọ́n ń retí ìwàásù rẹ̀ ní ìjọ kan ní Billbrook, ní Hamburg níbẹ̀.

Ìbíwùmí ò lè kọ̀. Ó kàn ṣàlàyé pé kó rọra jókòó, nítorí àga ẹ̀yìn yẹn gan-an ni òun fẹ́ lọ fi han àwọn oníbàárà ní Altona, ní Hamburg kan náà. Ó ṣeé fà síwá sẹ́yìn, ó ṣeé yọ kúrò, kò sì ní wáyà kankan. Iná ń fo láti ilẹ̀ ọkọ̀ bọ́ sídìí àga, àga á sì máa ránṣẹ́ padà síwájú bóyá èèyàn jókòó, bóyá ó de bẹ́líìtì. Wòólì ní bí Ẹ̀mí Mímọ́ náà ṣe ń ṣe nìyẹn, àfi pé tiẹ̀ kì í bàjẹ́.

Wọn ò tíì rìn jìnnà lórí òpópónà Autobahn tí iná pupa fi tàn níwájú Ìbíwùmí pé kò sẹ́ni lórí àga. Ó wo dígí. Wòólì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ikùn rẹ̀ nìkan tó èrò kan. Kò pẹ́, òórùn mọ́ínmọ́ín gba gbogbo ọkọ̀. Ìbíwùmí yà sí Rastplatz, ibi ìsinmi ẹ̀bá ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga. Agolo mọ́ínmọ́ín ló kún ibẹ̀, wọ́n sì gbóná bí ẹ̀yinná.

“Tútù ni mo gbé wọn wọlé,” ni Wòólì wí. “Ògo ni fún Ọlọ́run.”

“Irin ni agolo, Dádì. Iná àga ni wọ́n ń jẹ, ni kò fi mọ̀ pé ẹ jókòó.”

“Ọmọ mi, má fi ìwé ba iṣẹ́ ìyanu jẹ́.”

Ìbíwùmí já a sílẹ̀ ní Billbrook, ṣùgbọ́n ó tọrọ agolo kan. Títí dé Altona ni ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó panu mọ́. Àmọ́ ọwọ́ ọmọ kékeré tó lè wọ abẹ́ àga náà ò kúrò lójú rẹ̀. Níṣojú Elias, ọ̀gá rẹ̀ tó ti ń dúró dè é níbẹ̀, ó ròyìn mọ́ínmọ́ín Wòólì, ó ti agolo náà sábẹ́ àga, nígbà tó sì gbóná, ó ní kí àwọn oníbàárà fọwọ́ kàn án. Anna, olórí wọn, fa ọwọ́ sẹ́yìn kíá. Ó ní àwọn ò ní rà á lónìí, kí wọ́n gbé e padà wá nígbà tí àga náà bá mọ bí a ti ń pa iná ara rẹ̀ tí irin bá dé àárín òun àti ilẹ̀ ọkọ̀.

Elias dijú bí ẹni tó mu ewúro. Lẹ́yìn náà ó ní Ìbíwùmí ni yóò darí àtúnṣe náà, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ìdánwò mọ́.

Ìbíwùmí gbà. Ẹni tí yóò sọ ọ́ fún Wòólì ni kò mọ̀.