Ẹni Tó Rán Ojú Bọ́tìnì Náà

Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin náà nílé iṣẹ́ ìránṣọ, nítorí bí o bá kí i ní gbólóhùn márùn-ún, ẹyọ kan ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ogún obìnrin ló wà níbẹ̀, ogún ẹ̀rọ, ogún àga. Ẹ̀wù aláwọ̀ eérú ni gbogbo wọn ń rán láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí òfin ìlú ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Aṣọ kan náà ni tèwe tàgbà ń wọ̀, bàtà kan náà, ọ̀dà kan náà ló wà lára gbogbo ilé. Nílé ẹ̀kọ́, ibi tí ọmọ tí ìwé ṣòro fún jù bá kà dé ni tíṣà yóò ti ní kí gbogbo kíláàsì pa ìwé dé.

Ẹ̀wù mẹ́fà ni aránṣọ kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ rán lójúmọ́. Kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ lé. Bí wọ́n bá rán an tán, inú agbọ̀n ńlá kan ni wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì.

Ọwọ́ Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ yá, ibẹ̀ sì ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti rán mẹ́fà tirẹ̀ tán. Yóò wá tú ẹlẹ́ẹ̀kẹfà palẹ̀, yóò tún un rán, yóò tún tú u, títí aago yóò fi lù. Ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀, ìyẹn Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà, tí àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ láti ọdún méje. Ìyẹn á kàn fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, á ní kó máa tú u pẹ̀lẹ́, pé òwú náà ní ìyá tó bí i.

Ṣùgbọ́n ojú bọ́tìnì kò ṣeé fi pamọ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an. Ìyá Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ ló kọ́ ọ, láti kékeré, pé kó máa ta kókó méjì léra wọn ní ìparí ojú bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, kókó tín-ín-rín bí ẹyọ ọkà bàbà, tí òwú kò fi ní í tú. Ó ti gbìyànjú títí kó jáwọ́ ńbẹ̀. Ọwọ́ kọ̀. Kí ó tó rántí, ọwọ́ ti ta kókó náà tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Olùyẹ̀wò wá láti Ọ́fíìsì Ọgbọọgba. Ó tẹ́ ẹ̀wù kan sórí tábìlì, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì fi ìka tọ́ ojú bọ́tìnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

"A ti gbọ́ pé ẹnìkan wà láàárín yín tí ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀," ló wí. "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó wá rí mi."

Ó ká ẹ̀wù náà há abíyá, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ ń ro gbólóhùn yẹn ní àròtúnrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́. Lẹ́nu ta ni? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura sí. Káfíńtà ni ọkùnrin náà, oníwà jẹ́jẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ wò ó títí. Kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Kò tilẹ̀ rántí pé ojoojúmọ́ ayé ni ọkọ òun ń bi òun bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí ọ̀kan gún un létí láàárọ̀, ọkọ rẹ̀ ló kọjú ìbínú sí. Ọkùnrin náà mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán, ó gbé ayùn, ó jáde lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n rán Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ lọ gba òwú. Bó ṣe yà sí ìgboro, ó rí Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà tó ń jáde lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn Ọ́fíìsì Ọgbọọgba, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ojú wọn ṣe ṣe mẹ́rin, ìwé wọ àyà lọ. Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ bi í níbi tó ń bọ̀. Ó ní ẹ̀fọ́rí ló gbé òun lọ sọ́dọ̀ olóògùn. Bẹ́ẹ̀ kò sí olóògùn kankan ní àdúgbò yẹn.

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi rò ó. Ó ro ọdún méje, ó ro gbogbo ẹ̀rín, ó sì rí ìtumọ̀ mìíràn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀dọ̀ Olùyẹ̀wò ló gbà lọ lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tó ṣí ilé iṣẹ́. Ó ní Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà ló ń rán ojú bọ́tìnì náà. Olùyẹ̀wò kọ ọ́ sílẹ̀ láìgbójú sókè, ó ní kó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì kí i pé ó ṣeun.

Ní ọjọ́ kejì, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ti gbé Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà lọ sí ilé àkísà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ya ògbólógbòó aṣọ. Kò sẹ́ni tó béèrè. Gbogbo wọn sorí kọ́, ẹ̀rọ ń dún.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ lọ gba ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín aṣọ. Ìyá arúgbó kan wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà, tó ń yí inú ẹ̀wù síta, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú bọ́tìnì. Ó dá ọ̀kan padà, ó dá èkejì padà. Ó mú ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Má kàn mú èyí tí wọ́n bá nà sí ọ, ọmọ mi," ló sọ fún Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wá kókó kékeré níbí yìí. A ò mọ ẹni tó ń rán an, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ kì í já ni kulẹ̀."

"Màmá, ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń ṣà á?"

"Á tó ọdún méjì. Gbogbo ìlà yìí ló ń ṣà á."

Ọkùnrin tó ń pín aṣọ gbọ́, ó ń kùn. Ó ní àṣàkù ti kún yàrá òun dé àjà, Ọ́fíìsì ti bi òun léèrè ìdí rẹ̀, òun sì ti ṣàlàyé fún wọn.

Ibẹ̀ ni Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ ti mọ ẹnu tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ó fi ìlà sílẹ̀ láìgba ẹ̀wù, ó kọrí sí ilé Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà.

Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ti ń tiro láti kékeré, ló ṣílẹ̀kùn fún un, tó kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tó dìde, tó rìn lọ gbé àga, kò tiro mọ́. Àtẹ̀lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan fi ìka méjì nípọn ju èkejì lọ. Ọmọ náà rí i pé ó ń wo bàtà. Ó ní ìyá òun ló lọ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Ọ́fíìsì Ọgbọọgba, pé wọ́n ní bí àwọn bá sọ fún ẹnikẹ́ni, wọn yóò gbà á padà.

Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà wọlé, gbogbo ìka rẹ̀ ti bó. Ó ní kí ọmọ náà lọ ṣeré níta.

"Èmi ni mo dárúkọ rẹ," ni Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ wí.

"Mo mọ̀. Wọ́n kà á sí mi létí."

"Kí ló dé tí o ò jiyàn? Bí wọ́n bá fún ẹ lábẹ́rẹ́, wọ́n á rí i pé kì í ṣe ìwọ."

"Wọ́n fún mi." Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo rán an, mo ta kókó méjì sí i. Ọdún méje tí mo fi ń wò ọ́, ṣé n ò ní mọ bí o ṣe ń ta á ni? Mo rò pé mo ń gbà ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo rán an tán ni wọ́n tó kà á sí mi létí pé ìwọ lo fi mí sùn."

Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà kò lé e jáde, kò sì ní kó jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ padà sọ́dọ̀ Olùyẹ̀wò, ó ní òun parọ́, òun gan-an ló ni ọwọ́ náà. Ọkùnrin náà fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó kó ẹ̀wù bíi mẹ́wàá sórí tábìlì, gbogbo wọn ní kókó.

"A mọ̀ pé kókó náà ṣì ń jáde," ló wí. "A kàn ń wò ó ni, ẹni tí yóò wá, àti ẹni tí kò ní í wá."

Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dá Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà padà sórí àga rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá lè gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ti yọ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òfin kò sì fàyè gba ìyẹn náà.

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe di ará ilé àkísà. Nígbà tí káfíńtà gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, títí dé orí abẹ́rẹ́ abẹ́ ìrọ̀rí, ó gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bi í bóyá ó ti jẹun.

Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n fi àwọn méjèèjì sí, ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta, Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà kò bá a sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ, "ẹ" tí wọ́n fi ń kí àlejò. Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ ń ya aṣọ tipátipá, ìka rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà wò ó títí, ó gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ibi tí òwú bá dorí kọ ni kí o gbà," ló wí. "Má bá a jà."

Ó fi hàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà fún un. Lẹ́yìn náà, ó bojú wo ẹ̀yìn, ó bojú wo ẹnu ọ̀nà, ó sì wo ojú Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ fúnra rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó tó sọ fún un pé ẹsẹ̀ ọmọ òun ti ń dára sí i nínú bàtà náà.