Ìpè láti Weston sí Ìlọrin

Adégbóyèga ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà mọ́kànlá láti ilé rẹ̀ ní Weston, ní Toronto, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn, ẹ̀gbọ́n ò jẹ́. Kì í ṣe lórí fóònù. Wọn ò pe ara wọn lórí fóònù mọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí Démọ́lá sin ìyá wọn ní Ìlọrin láì dúró de àbúrò rẹ̀ tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ há sọ́wọ́ ìjọba ní Toronto.

Orí rédíò ló ti ń pè é, irú èyí tí àwọn tó gba ìwé àṣẹ fi ń wá ara wọn kiri ayé. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a sọ̀rọ̀: á fọhùn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á dákẹ́, á fetí sílẹ̀. Kò sí ìkíni, kò sí ẹ̀bẹ̀. Àmì ìdánimọ̀ èèyàn ló ń lọ, àti nọ́ńbà tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ sí. Àwọn méjèèjì mọ àmì ara wọn. Ìwọ̀nba ìrẹ́pọ̀ tí Adégbóyèga lè gbà nìyẹn.

"Wò ó," ó wí fún Fọláyẹmí, ìyàwó rẹ̀. "Ó dá ará Ítálì lóhùn. Ó dá ará Brazil lóhùn. Èmi ló kọ etí ikún sí."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n gbọ́ yín ni?"

"Ó gbọ́ mi. O ò mọ Démọ́lá."

"Ẹ̀yin ni mo mọ̀. Wáyà tẹ́ ẹ so mọ́ irin bàlíkónì, ṣé òun náà ló fẹ́ gbé ohùn yín dé Ìlọrin?"

Kó tó fèsì, ìlà pupa kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Àmì Démọ́lá ni, ó ń pe tirẹ̀, nọ́ńbà tó ní òun ń gbọ́ ọ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi sì tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà Adégbóyèga dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ku kí Démọ́lá ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìlà pupa kan náà ló tún yọ. Ìdáhùn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Adégbóyèga fa igi mọ́ọ̀pù yọ, ó jáde sí bàlíkónì tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì nínú òtútù Oṣù Kejìlá, ó fi igi gbé wáyà náà sókè.

"Kí ló wí?"

"Ohun kan náà ni."

Ó nà gan-an. "Báyìí ńkọ́?"

"Ohun kan náà. Bàbá Lará, ẹ wọlé, ẹ máa ṣubú."

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Démọ́lá pè é. Adégbóyèga ń wo ojú kọ̀ǹpútà láti ẹnu ọ̀nà bàlíkónì, bí ẹni tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn fún tí kò rí kọ́kọ́rọ́.

"Wọ́n ti dákẹ́," Fọláyẹmí wí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Wọ́n ń pe ẹlòmíràn."

"Ẹ̀gbọ́n mi á ní mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Wọ́n á ní mo ṣì ń bínú."

"Ṣé ẹ ò bínú mọ́?"

Ó tún igi mọ́ọ̀pù mú dáadáa.

"Mo ní nọ́ńbà fóònù ìyàwó wọn. Kí n pè é?"

Ó la ẹnu. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ló fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ọ̀hún wúwo, kò jáde. Ó tún gbé wáyà náà sókè díẹ̀ sí i.