Dófẹ̀ La Fẹ́ Mátà

Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún tí Dominic ti yan Sylvanus lódì ní Ìpele, nítorí Mátà. Dominic ló kọ́kọ́ dẹnu ìfẹ́ kọ Mátà, Sylvanus ló gbé e níyàwó. Bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, Dominic á kọjú sí ògiri.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ọmọ ju ìbínú lọ. Agatha, ọmọ kan ṣoṣo tí Dominic bí, ti bímọ sí Ítálì, ìyá Agatha sì ti kú, bàbá ni yóò lọ bá a tọ́jú ọmọ. Físà bàbá ti jáde. Iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí Agatha pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, bọ́ọ̀sì ni bàbá yóò wọ̀.

"Bàbá, ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má wulẹ̀ wá, kí ẹ má baà sọnù," ni Agatha wí lórí fóònù.

Ní gbogbo Ìpele, Sylvanus nìkan ló ti gbé Ítálì rí. Dominic bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Kò kí i.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń béèrè ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró ní Ítálì?"

Sylvanus wò ó títí. "Káàbọ̀ ná. Wọ́n á ní: *Dófẹ̀ la fẹ́ Mátà?*"

Ojú Dominic korò. "Mo wá kọ́ ọ̀rọ̀, o ń fi mí ṣẹ̀sín!"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é!"

"Òpùrọ́!"

Ó ti ń lọ nígbà tí Sylvanus já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó pe Agatha, tó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta, tó sì bi í bóyá irọ́ ni òun pa.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ, bàbá," ni Agatha wí. "Ẹ pè é kí n gbọ́."

Dominic kọjú sí ògiri. Kí òun fi ẹnu ara òun pe irú èyí níwájú Sylvanus? Ọmọ tuntun ké lọ́hùn-ún. Ó tẹ́tí sí igbe náà títí ó fi rọlẹ̀.

"Dófẹ̀ la fẹ́ Mátà?"

"Irọ́ ni o!" Mátà pariwo láti ilé ìdáná. "Ìpele níbí ni wọ́n ti fẹ́ mi!"

Sylvanus rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Agatha náà ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti yé yín, bàbá. Ẹ máa bọ̀."

Dominic kò rẹ́rìn-ín. Ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó.

"Mi ò tíì gbàgbé o, Sylvanus. Tí wọ́n bá wá ní kí n yà sọ́wọ́ ọ̀tún ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe máa sọ ọ́?"