Irin Ilẹ̀ Ilé Ìgbẹ̀bí

"Omi kì í ṣọ́ọ̀kì èèyàn! Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, mi ò tíì rí omi tó ṣọ́ọ̀kì èèyàn rí. Iná ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì niná."

Bàbá Páìpù ló ń fi gbogbo ohùn sọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn oníná. Wọ́n ní kó jókòó, ó kọ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe páìpù omi, ó sì jọ pé ó ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ilé rẹ̀, torí kò sinmi láti mí.

Ẹni tó dojú ọ̀rọ̀ kọ wà lẹ́yìn tábìlì, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò tó ń hó, tó mọ̀ pé yóò rọlẹ̀. Ìyá Tẹ́sítà ni wọ́n ń pe obìnrin náà, nítorí kì í jáde nílé láìfi tẹ́sítà, irin kékeré tí wọ́n fi ń mọ ibi tí iná wà, há irun orí rẹ̀. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ìbáwí àwọn oníná. Bó bá ti wọ ilé tí wọ́n ń fa wáyà sí, àwọn ọkùnrin a yáa yí ohùn wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ kò gùn. Ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ìyá ọlọ́mọ tuntun kan fẹ́ fọwọ́ nílé ìgbẹ̀bí. Bó ṣe di ẹ̀rọ omi mú, iná gbé e, ó ṣubú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì kọlu ilẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ọmọ wà. Onílé ìgbẹ̀bí ní ẹ̀bi ẹni tó pààrọ̀ páìpù lóṣù tó kọjá ni, pé òun á rí i pé wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, mo gbọ́," Ìyá Tẹ́sítà dáhùn. "Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó."

"Ẹ dúró nígbà náà. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni kẹ́ ẹ lọ dúró sí, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì wa. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Kó tó dìde, ó fa fáìlì ilé ìgbẹ̀bí yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wọn tí kò ní àbùjá: ẹni tó fa wáyà ilé kọ́ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ ni yóò lọ, yóò ṣí gbogbo rẹ̀, yóò fojú rí i, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Bí òǹtẹ̀ náà ò bá sí níbẹ̀, àwọn ìjọba ò ní tan iná sí ilé ọ̀hún. Ojú mélòó ni ìjọba fẹ́ fi wo gbogbo ilé tó wà nílùú? Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ yẹn ni ojú wọn.

Ẹni tó fa wáyà ilé ìgbẹ̀bí ti kó lọ sí òkè òkun, ó di ọdún méjì. Ó ku ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó kọ sínú ìwé ni pé: "Irin ilẹ̀: mo rí i, ó dára." Ìbuwọ́lù wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà tó kẹ́yìn ní ìrù gígùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú ìwé.

Ìyá Tẹ́sítà mọ ìrù yẹn. Ó pa fáìlì dé, ó fi sínú báàgì.

Ọ̀gá Àgbà ló ni ìbuwọ́lù náà. Ọkùnrin yìí ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Ìyá Tẹ́sítà wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló lé e pé kó lọ kọ́ aṣọ rírán. Ọ̀gá Àgbà nìkan ló nàka sí àkàbà, tó sì sọ fún un pé, "Gun ìyẹn ká wò." Ó gùn ún. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n báyìí tó ti ń gùn ún.

Nílé ìgbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì àgbà ti fi àkísà wé ẹ̀rọ omi, ó lẹ ìwé mọ́ ògiri: Ẹ má fọwọ́ kàn án.

"Ojoojúmọ́ là ń sọ fáwọn ìyá kí wọ́n máa fọwọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi fọ̀ ọ́ ló wá ń lù wọ́n lọ́wọ́. Ẹ bá mi dá sí i."

Ìyá Tẹ́sítà yọ tẹ́sítà lórí, ó tú àkísà, ó fi ẹnu irin náà kan ẹ̀rọ. Iná kékeré inú rẹ̀ pọ́n. Ó rìn lọ sídìí mítà, ó pa iná gbogbo ilé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ wáyà aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ògiri bí ẹni ń tọ ipa eku. Ìta ló yẹ kí wáyà yẹn já sí, lára irin ilẹ̀, irin gígùn tí wọ́n gbá wọ ilẹ̀, kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Kò já síta. Abẹ́ síńkì ló já sí. Wọ́n fi kílíìpù dè é mọ́ páìpù omi onírin àtijọ́. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sísàlẹ̀ rẹ̀, irin tán, rọ́bà funfun bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wò ó, Bàbá."

Bàbá Páìpù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún. Ó fọwọ́ tọ páìpù náà títí dé ibi tí rọ́bà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà ni páìpù onírin yẹn ti ń bá wọn gbé iná wọlẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí rọ́bà dé ni ọ̀nà dí. Iná tó ń jò lára ẹ̀rọ omi gbígbóná, èyí tí wọ́n fi ń se omi nílé náà, ò ríbi gbà, ló bá lọ dúró de èèyàn lẹ́nu ẹ̀rọ omi.

"Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló pààrọ̀ páìpù yìí," ni Bàbá Páìpù sọ níkẹyìn. Ohùn tó fi pariwo láàárọ̀ ti lọ. "Ó rí wáyà yìí. Ojú rẹ̀ ò fọ́. Òfin tiwa ni pé ẹni tó bá rí wáyà lára páìpù, kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó pe oníná. Kò pè yín. Tiwa náà wà níbẹ̀."

"Kí lẹ máa ṣe fún un?"

"Oṣù mẹ́ta nílé, láìṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ò sì ní kí mi títí oṣù mẹ́ta á fi pé." Ó dìde, ó gbọn orúnkún nù. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìyá Tẹ́sítà ti tẹ́sítà bọ irun rẹ̀ padà. Ó jáde, ó yí ilé náà po, ó ń wá irin ilẹ̀. Iwájú, kọnkéré ni látòkèdélẹ̀. Apá ọ̀tún, kò sí. Apá òsì, kò sí. Ní ti ẹ̀yìn, ilé náà ò ní ẹ̀yìn. Ògiri rẹ̀ àti ògiri ilé ìtẹ̀wé tó tẹ̀ lé e ti lẹ̀ pọ̀ débi pé ìka ò lè wọ àárín wọn. Ó pe ọmọ ẹgbẹ́ méjì lórí fóònù. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti gbá irin tó gùn ju èèyàn lọ wọ ilẹ̀ lápá òsì, wọ́n ti so wáyà mọ́ ọn, wọ́n sì ti tú ẹ̀rọ omi gbígbóná sọ̀kalẹ̀. Wọ́n tan iná padà. Ìgbà tí tẹ́sítà ò pọ́n mọ́ ni Ìyá Tẹ́sítà tó fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹ̀rọ mú, ó fọ ọwọ́ náà, ó gba táwẹ́lì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó wá kọ lẹ́tà ìpè sí Ọ̀gá Àgbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fa ìwé ya kó tó kọ èyí tó fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, gbogbo àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ dìde nígbà tí Ọ̀gá Àgbà wọlé, títí kan akọ̀wé àti akápò tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ pẹ̀lú Ìyá Tẹ́sítà. Ọ̀gá jókòó, ó wò wọ́n yíká, ó rẹ́rìn-ín sí Ìyá Tẹ́sítà.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti ń sanra. Ọkọ rẹ ń tọ́jú ẹ."

"Ẹ ṣeun, sà."

Ó rí Bàbá Páìpù lórí àga ẹlẹ́rìí. "Ta ló pe àwọn olómi sí ọ̀rọ̀ iná?"

"Iná yín ló wá bá wa nínú páìpù, Ọ̀gá," ni Bàbá Páìpù fèsì. "Àwa ò ránṣẹ́ sí i."

Akápò rẹ́rìn-ín, ó tètè fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá Tẹ́sítà tẹ́ ìwé àyẹ̀wò ilé ìgbẹ̀bí síwájú Ọ̀gá Àgbà. "Ọ̀gá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ yẹ ilé yẹn wò, apá ibo lẹ ti rí irin ilẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ilé ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì." Kò tilẹ̀ ronú kó tó sọ ọ́.

Akọ̀wé gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ.

"Ilé náà ò lẹ́yìn, sà."

Ọ̀gá Àgbà wo ìwé náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pa irọ́ mìíràn lé e. Ẹ jẹ́ ká yìn ín fún ìyẹn. "Ọmọ tí mo kọ́ ló ṣiṣẹ́ ibẹ̀. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí lọ́sẹ̀ náà, mo jókòó sílé, mo fọwọ́ sí i." Ó gbójú sókè. "Ẹ ti wá gbá irin wọlẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ jẹ́ kó parí sínú yàrá yìí. Ẹgbẹ́ tí ò bá lè bo ọmọ ẹgbẹ́, kí ló wá wà fún?"

"Obìnrin tó ṣubú yẹn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́," ni Ìyá Tẹ́sítà wí pẹ̀lẹ́. "Kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wa. Wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti yẹ ilé wò, ó gbà wá gbọ́, ó nawọ́. Òun ni a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ láti bò, Ọ̀gá. Tá a bá bò yín lónìí, kí la fẹ́ sọ fún ẹni tó máa nawọ́ lọ́la?"

Wọ́n dìbò. Akọ̀wé gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà. Akápò di ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì mọ́ abẹ́ itan. "Ọ̀gá ló kọ́ mi níṣẹ́," ló wí. "Ẹ bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́." Gbogbo ojú wá kọ sọ́dọ̀ alága.

Ọ̀gá Àgbà yí àga rẹ̀ sí i. "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ iná?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ló ra púláyà àkọ́kọ́ fún ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Mo ṣì ń lò ó."

"Ó dáa. Gbọ́wọ́ rẹ sókè kí n rí i."

Ọwọ́ Ìyá Tẹ́sítà wúwo bí ìgbà tí wọ́n so òkúta mọ́ ọn. Ó gbé e sókè, ó sì jẹ́ kó pẹ́ lókè.

Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó yọ òǹtẹ̀ lápò, ó gbé e sórí tábìlì. "Oṣù mélòó?"

"Kò sí oṣù níbẹ̀, sà. Ojú ìwé kẹrin nínú òfin tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ: ẹni tó bá fọwọ́ sí ohun tí kò rí, yóò padà wá ṣe ìdánwò ìwọlé."

"Pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ò tíì hu irùngbọ̀n? Èmi, lẹ́ni àádọ́rin ọdún?"

"Àga iwájú la máa fún yín, sà, nítorí ojú yín. Sátidé ni, aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹ mú pẹ́ńsùlù tiyín dání."