Ìka Mẹ́ta Lórí Ìtì Igi Ìrè

“Ta ni ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ère gbígbẹ́?”

Ìtì igi ìrè tí wọ́n tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì lé ni ó bi mí ní ìbéèrè náà, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ohùn adájọ́. Àgbàlá wa ní abà Ìdí-Àràbà ni a wà, lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ère tí mo ti gbẹ́ láti ogún ọdún dúró yí mi ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú àáké lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ n kò gbẹ́ àáké fún èyíkéyìí nínú wọn.

Olóyè Ọnàṣílé, olórí àwọn agbẹ́gilére, tí ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sórí odó ìyàwó mi.

“Ẹni tí ó bá kọ́ṣẹ́ ní ọ̀gá tí ó dá a sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn,” ó wí. “Ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dá sílẹ̀, ọwọ́ olè ni. Ìdáhùn tí kò bá tọ́, ìka kan.”

Mo ní èmi ni mo kọ́ ara mi. Ère obìnrin apọnmọ gé ìka kékeré ọwọ́ òsì mi. Oje funfun ni ó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀.

Mo tún rò ó. Bí iṣẹ́ bá wà, ohun kan ni ó ti wá. Mo ní ọ̀bẹ mi ni. Ìka kejì bọ́ sílẹ̀.

“Èmi kọ́,” ni ọ̀bẹ náà wí nínú àpò mi. “Kò tilẹ̀ mọ̀ mí í pọ́n nígbà náà.”

Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tí ó sá sóòrùn. “Bàbá Fadékẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ìdáhùn yín dáadáa. Ọwọ́ yẹn ni gbogbo wa fi ń jẹun.”

Mo ní igi ni ó kọ́ mi.

“Èmi?” ni ìtì igi náà wí. “Èmi tí o gbẹ́ ní tútù?”

Ìka kẹta lọ. Òtítọ́ ni igi náà sọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé kí n fi igi sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Ère àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́, ojú bàbá mi ni, lọ́dún tí ó kú. Ọyẹ́ dé, ojú náà sì là láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mo jù ú sínú iná tí a fi ń se epo. Mo tún gbẹ́ ojú rẹ̀ mìíràn, òun náà là. Méje ni mo sun kí ìkẹjọ tó dúró.

Àgbàlá náà súnkì, ó di yàrá bàbá mi. Olóyè dìde, ó gba àáké. “Ìka tó. Ìdáhùn kan ló kù; bí kò bá tọ́, ọrùn ọwọ́ méjèèjì ló máa bá a lọ.”

Mo la ẹnu. Èérún igi ni ó kún inú rẹ̀.

Bàbá mi wọlé, ọkọ́ léjìká, bí ẹni tí ó ti oko dé. Ojú rẹ̀ là láti iwájú orí dé àgbọ̀n, etí ibi tí ó là ti jóná, èéfín sì ń ti inú rẹ̀ jáde.

“Bàbá àgbẹ̀,” Olóyè wí, “kí ni tiyín nínú ẹjọ́ ọlọ́nà?”

Àáké ti gòkè. Bàbá mi sọ ọkọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ lé orí ọwọ́ mi. Àáké náà ti ń bọ̀ wálẹ̀ nígbà tí ó sọ̀rọ̀.

“Èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Ojú mi ni ó fi kọ́ṣẹ́.”