Oró Lára Ìgò Òróró

Lẹ́tà ogójì ni Gracia ti fi wáṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ilé wọn nílùú Pobè, kò sì rí èsì kan ṣoṣo. Ara rẹ̀ ló ń yìn nínú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kan, ó rí ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà tó ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn kọ Yorùbá sára ìgò òróró. Ó tẹjú mọ́ àwòrán ìgò náà, ó sì rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: "Oró dídára fún ẹbí yín."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo nǹkan! Wọ́n kọ oró sípò òróró!"

Léandre, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì ní Onigbolo dé, lanu sílẹ̀. "Má sọ fún wọn o. Ṣé a máa ń bú ẹni tí a ń tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

Gracia kò gbọ́. Àṣìṣe náà ló fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀, ó ṣàlàyé rẹ̀, ó sì kọ èyí tó tọ̀nà sísàlẹ̀.

Kò pé wákàtí kan tí fóònù dún. Obìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ náà ló ń sọ Faransé. "Madamu, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìgò ti wà nínú ọkọ̀! A ti ní kí wọ́n dúró. Ọgọ́rin ènìyàn ló kọ̀wé sí wa, ẹ̀yin nìkan lẹ ka ìgò náà. Ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?"

Kí Gracia tó dáhùn, Léandre ti já fóònù gbà, ó ní, "Nísinsìnyí!"